Ẹ Máa Béèrè Orí Tí Ẹrù Wà

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé àgbáyé àti ètò ìnáwó ní Ouagadougou, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn òbí yín ń fi owó ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ṣakí ní Nàìjíríà, àti láti Kétu àti Pọ́bẹ̀ ní Benin. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó o. Díẹ̀ nínú àkísà ọ̀hún ni mo fẹ́ tú lónìí, nítorí ohun tí ọjà fi han àwa tí a ti pẹ́ nídìí òwò lè là yín lóye lórí ohun tí ẹ ń kà nínú ìwé.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín fẹ́ràn Ouaga 2000. N kò bá yín wí. Títì ibẹ̀ gbòòrò, ilé ibẹ̀ ń dán. Láàárín ọdún 1990 sí 2000 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àdúgbò náà ní gúúsù ìlú. Ibẹ̀ ni Kosyam, ààfin ààrẹ, wà. Ibẹ̀ ni gbọ̀ngàn tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè ti ń ṣèpàdé, ilé aṣojú Amẹ́ríkà, ọ̀wọ̀n ìrántí àwọn akọni, àti òtẹ́ẹ̀lì gogoro tí owó Libya kọ́. Àwọn kan nínú yín ti fi ọkàn yan ọ́fíìsì tí wọn yóò jókòó sí nínú ilé onígíláàsì wọ̀nyẹn. Ó dára, àmín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró níwájú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè tí iṣẹ́ yín dá lé: owó ta ni wọ́n fi kọ́ ọ? Ibo ló ti wá? Èlé mélòó ló wà lórí rẹ̀? Ta ni yóò san án?

Kókó ọ̀rọ̀ mi kò ju ìyẹn lọ. Nígbàkúùgbà tí owó tàbí ọjà bá ré ẹnubodè kọjá, ẹrù kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí ẹnì kan ń rù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé àdéhùn. Ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ yín dójú àmì ni ẹni tó lè tọ́ka sí orí tí ẹrù náà wà, tó sì lè fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí owó tó wà nínú àpò yín. Ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1945 ni Faransé dá owó CFA sílẹ̀, sẹ́fà tí gbogbo wa ń ná. Lónìí, orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló jọ ń ná an ní apá tiwa yìí: Benin, Burkina Faso, Côte d'Ivoire, Guinea-Bissau, Mali, Niger, Senegal àti Togo. BCEAO, báńkì àpapọ̀ wọn tó wà ní Dakar, ló ń ṣàkóso rẹ̀. Láti ọdún 1999, yúrò kan ti dúró sí sẹ́fà 655.957. Ẹni tó bá sùn, tó jí, ibẹ̀ náà ni yóò bá a.

Náírà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà jọ̀wọ́ okùn tí wọ́n fi so náírà mọ́lẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, dọ́là kan wà ní nǹkan bí náírà 460 ní báńkì. Kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,500. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ sí sẹ́fà. Ní iye tí báńkì kọ sílẹ̀, náírà 1,000 tí bàbá fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ níbí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 jẹ́ nǹkan bí sẹ́fà 1,300. Lẹ́yìn ọdún kan, 1,000 yẹn kan náà kò ju nǹkan bí 400 lọ. Bàbá kò dín owó kù, ọmọ kò sì ná ìnákúnàá, síbẹ̀ ebi wọ ilé ọmọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí èyí sọ pé sẹ́fà ló dáa, náírà ni kò dáa. Robert Mundell, ọmọ Kánádà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1999, wà lára àwọn tó là á yé wa pé ohun mẹ́ta ni gbogbo orílẹ̀-èdè máa ń fẹ́. Wọ́n fẹ́ kí iye owó wọn má mì. Wọ́n fẹ́ kí owó lè wọlé kó sì jáde láìsí ìdènà. Wọ́n sì fẹ́ kí báńkì àpapọ̀ wọn máa gbé èlé sókè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀ bó ṣe bá ilé wọn mu. Méjì ni wọ́n lè rí dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan yóò bọ́. Àwọn oní-sẹ́fà di àkọ́kọ́ mú ṣinṣin, nítorí náà èlé Dakar kò lè jìnnà púpọ̀ sí èlé Frankfurt, níbi tí báńkì yúrò wà. Nàìjíríà fẹ́ di àkọ́kọ́ àti ìkẹta mú fún ìgbà pípẹ́, ló bá di pé wọ́n ń ṣọ́ dọ́là lọ́wọ́, tí báńkì ń ta á ní iye kan, tí àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ń ta á ní iye mìíràn.

Kò sí èyí tí kò ní ẹrù nínú. Bí náírà bá ṣubú, orí òbí tó ń fowó ránṣẹ́ àti orí ẹni tó ń ra oògùn òkèèrè ni ẹrù ń bọ́ sí. Bí yúrò bá lágbára jù, tí sẹ́fà sì lẹ̀ mọ́ ọn, ọjà ilẹ̀ wa á wọ́n lójú àwọn ará òde, orí àgbẹ̀ àti olówò kékeré ni ẹrù bọ́ sí nìyẹn. Bí olùkọ́ yín bá bi yín nínú ìdánwò pé èwo ló sàn jù, kí ẹ kọ́kọ́ bi í pé: ó sàn fún ta?

Àwọn tó gbọ́njú ní oṣù Kìíní ọdún 1994 mọ ohun tí mò ń wí. Ọjọ́ 10 oṣù náà, àwọn olórí orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ UEMOA ní Dakar, ìyẹn àjọ ọrọ̀-ajé àwọn oní-sẹ́fà apá tiwa yìí, tí olú-ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà níbí ní Ouagadougou. Ọjọ́ kejì, ní Dakar kan náà, wọ́n kéde pé fáránkì Faransé kan tó ti ń jẹ́ sẹ́fà 50 láti ọjọ́ pípẹ́ ti di 100. Oníṣòwò tó gba ọjà àwìn láti Paris sùn ní gbèsè mílíọ̀nù márùn-ún, ó jí ní gbèsè mílíọ̀nù mẹ́wàá. Oògùn gbówó lórí, ìrẹsì gbówó lórí, páàtì ọkọ̀ gbówó lórí. Owó oṣù òṣìṣẹ́ kò gòkè tó bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ìròyìn náà kò burú fún gbogbo ènìyàn. Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹran dídì láti Yúróòpù, tí ìjọba ibẹ̀ ń fi owó ìrànwọ́ tì lẹ́yìn, ti ń lé màlúù Burkina àti Mali kúrò lọ́jà àwọn ìlú etí òkun. Lẹ́yìn tí sẹ́fà ṣubú, ẹran òyìnbó wọ́n, àwọn darandaran ilẹ̀ yìí sì tún rí ẹni rajà wọn. Òwú náà rí owó gidi. Ìpàdé kan ṣoṣo, ìkéde kan ṣoṣo: wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí Fúlàní inú oko, wọ́n gbé e ka orí ìyàwó ilé tó ń ra ìrẹsì ní ìlú. Ìwé yín lè kọ ọ́ ní ìlà méjì péré. Ẹ̀yin, ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka ènìyàn tó wà nínú ìlà méjì náà.

Ọ̀rọ̀ òwú ló tún yẹ kí ẹ kọ́ gidi, nítorí òun ni olórí ọjà tí Burkina ń kó jáde kí wúrà tó gbapò rẹ̀ ní 2009. Ìjọba Amẹ́ríkà ń fún àwọn àgbẹ̀ olówùú tirẹ̀ ní owó ìrànwọ́ rẹpẹtẹ. Wọ́n ń gbin òwú ju bó ṣe yẹ lọ, iye òwú ń wálẹ̀ káàkiri àgbáyé, àgbẹ̀ tó wà ní ẹ̀bá Bobo-Dioulasso, tí kò mọ ibi tí Amẹ́ríkà wà, ló ń jẹ àdánù rẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2003, Blaise Compaoré, ààrẹ Burkina nígbà náà, lọ sí Geneva, ó sọ ẹjọ́ náà níwájú Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, lórúkọ orílẹ̀-èdè mẹ́rin: Benin, Burkina Faso, Chad àti Mali. Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tí wọ́n fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní Cancún, ìpàdé náà sì tú ká láìsí àdéhùn.

Brazil gba ọ̀nà mìíràn lọ sọ́jà kan náà. Wọn kò fi mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Wọ́n pe ẹjọ́ ní ilé ìdájọ́ àjọ náà ní 2002. Wọ́n mú Daniel Sumner, onímọ̀ ọrọ̀-ajé láti California, dání. Ó kó iye òwú, ìwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n gbìn àti owó ìrànwọ́ jọ, ó fi ìṣirò hàn bí iye òwú ìbá ti rí ká ní ìrànwọ́ náà kò sí. Brazil jàre. Nígbà tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà ní 2014, Amẹ́ríkà gbà láti san 300 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn olówùú Brazil. Benin àti Chad wà nínú ẹjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, wọn kì í ṣe olùpẹjọ́. Irú owó bẹ́ẹ̀ kò wọ ọ̀dọ̀ wọn. Gbogbo wọn ló ní ẹ̀tọ́. Ẹni tó kó ìṣirò rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ ló gbowó. Nítorí náà, ọmọ tó bá ń sá fún ìṣirò àti sìtátísíìkì, tó ní ọ̀rọ̀ ẹnu lòun mọ̀ sọ, kó rántí òwú. Òun gan-an ni àgbẹ̀ wa nílò, ó sì ti sá.

Lórí gbèsè, Burkina ní olùkọ́ méjì tí ẹ kò gbọdọ̀ ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan ni Thomas Sankara, tó ti jẹ́ ààrẹ ilẹ̀ yìí. Ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1987, ní Addis Ababa, ó sọ fún àwọn olórí Áfíríkà ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n jùmọ̀ kọ gbèsè òkèèrè, nítorí bí Burkina nìkan bá kọ̀ ọ́, òun kò ní sí níbẹ̀ nígbà ìpàdé tó ń bọ̀. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún náà ni wọ́n pa á. Ìkejì ni Tiémoko Marc Garango, mínísítà ìṣúná láti 1966 sí 1976. Ó gé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ó dín ìnáwó kù títí àwọn ará ìlú fi sọ ìyà ìgbà náà ní orúkọ rẹ̀, garangose. Ṣùgbọ́n nígbà tó kúrò, owó wà nínú àpò ìjọba. Èkíní béèrè ẹni tó jẹ gbèsè náà ní tòótọ́. Èkejì sọ pé kí a má jẹ òmíràn. Ẹni tó bá kọ́ ẹ̀kọ́ Sankara láìkọ́ ti Garango á máa pariwo nígbà tí àpò rẹ̀ ti ya. Ẹni tó bá kọ́ ti Garango nìkan á fi ìgbànú fún mẹ̀kúnnù lọ́rùn, á ní òun ń tọ́jú owó.

Nínú àwọn baba tiwa, ẹ wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Adebayo Adedeji, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1930. Ó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó ṣe kọmíṣọ́nà ètò ọrọ̀-ajé fún ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà láti 1971. Ó rìnrìn-àjò láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, ó bá àwọn olówó náírà sọ̀rọ̀, ó bá àwọn olówó sẹ́fà sọ̀rọ̀, títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ ECOWAS, àjọ ọrọ̀-ajé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní Èkó lọ́jọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975. Ọdún náà ló lọ ṣe olórí àjọ ọrọ̀-ajé Áfíríkà ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè ní Addis Ababa, ó sì wà níbẹ̀ di 1991. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé, gba ilẹ̀ wa kan, tí wọ́n ní kí a gé owó ilé ìwé àti ti ilé ìwòsàn kí ìṣirò lè bára mu, kò fi mọ sí pé ó kọ̀ ọ́. Ní 1989, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé ìlànà mìíràn kalẹ̀, tó fi ẹ̀dá ènìyàn síwájú owó. Ẹni tó bá ní ẹrù wúwo lórí ẹlòmíràn, kó sọ bí a ó ṣe sọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ Adedeji wà nínú ìdánwò báyìí. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025, Burkina Faso, Mali àti Niger jáde kúrò nínú ECOWAS. Wọn kò kúrò nínú UEMOA, sẹ́fà ni wọ́n ṣì ń ná. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, ìṣọ̀kan tuntun tí àwọn mẹ́ta yìí dá sílẹ̀ gbé owó ibodè ìdá ààbọ̀ (0.5) nínú ọgọ́rùn-ún lé ọjà tó bá wọlé láti orílẹ̀-èdè tí kò sí lára wọn. N kò ní bá yín jà sí ìhà kankan nínú ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Àlejò kì í pín ogún onílé. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ ṣírò rẹ̀. Ìdá ààbọ̀ yẹn, ta ló ń san án: ẹni tó kó ọjà wá láti Èkó, àbí obìnrin tó rà á ní ọjà Rood Woko níbí?

Mo tún fẹ́ kí ẹ rántí Olóyè Adeyemi Lawson ti Èkó àti Gervais Koffi Djondo ti Togo, tí wọ́n wà nídìí ìdásílẹ̀ Ecobank ní Lomé ní 1985. Ọ̀kan wá láti apá Gẹ̀ẹ́sì, èkejì láti apá Faransé. Báńkì náà gba àárín àwọn méjèèjì bọ́ sí ìta. Àǹfààní tí ẹ̀yin ní nìyẹn. Ẹ má ṣe kọ́ Faransé bí ẹni tó fẹ́ yege lásán, ẹ kọ́ ọ débi tí ẹ ó fi lè ka ìwé àdéhùn, tí ẹ ó sì fi lè dúnàá-dúrà. Ẹ má ju Gẹ̀ẹ́sì nù. Ẹ gbọ́ Mooré àti Dioula díẹ̀, nítorí ẹni tó ń ta ẹrù gan-an kì í fi Faransé ronú. Yorùbá yín ńkọ́? Òun ni ẹ ó fi ṣàlàyé fún ẹni tó ń sanwó ilé ẹ̀kọ́ yín.

Ó ku ìmọ̀ràn tó wúlò lójoojúmọ́. Kí ẹ tó san owó fún ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kankan, ẹ wádìí bóyá CAMES mọ ìwé ẹ̀rí rẹ̀. CAMES, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968, ni àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ìmọ̀ yunifásítì fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń lo Faransé, níbí ní Ouagadougou ni olú-ilé rẹ̀ sì wà. Ẹ kò nílò ọkọ̀ òfuurufú kí ẹ tó béèrè. Ní ìparí ọdún 2023, oníròyìn kan láti Nàìjíríà fi hàn pé òun gba oyè yunifásítì ní Cotonou láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Oṣù tó tẹ̀lé e, ìjọba Nàìjíríà dá àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí Benin àti Togo dúró. Ọmọ tó fi ọdún mẹ́ta ka tirẹ̀ ló bá wọn ru ẹrù náà.

Ọmọ Kétu àti ọmọ Pọ́bẹ̀, ẹ mọ̀ pé láti 2005, òfin UEMOA ní kí yunifásítì ìjọba ka ọmọ orílẹ̀-èdè mẹ́jọ náà sí ọ̀kan náà lórí ìgbàwọlé àti owó. Ẹ béèrè ẹ̀tọ́ yín. Ọmọ Ṣakí kò sí lábẹ́ òfin yẹn, kó fi sínú ìṣirò rẹ̀ kó tó gbéra. Ìṣirò owó ilé iṣẹ́ tí ẹ ń kọ́ níbí, ti OHADA ni, àjọ tó ń ṣe òfin òwò kan náà fún orílẹ̀-èdè 17; àtúnṣe ìlànà ìṣirò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018. Nàìjíríà kò sí nínú àjọ náà. IFRS, ìlànà ìṣirò owó ti àgbáyé, ni wọ́n ń lò níbẹ̀ láti 2012. Ẹni tó bá fẹ́ padà sí Èkó, kó kọ́ méjèèjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò dé iwájú ọ̀gá, yóò di ọmọ ilé-ìwé padà.

Ẹ sì lọ jókòó ti alájọ. Obìnrin tó ń dá sẹ́fà 500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 31 dá 15,500. Alájọ mú 500, ó kó 15,000 fún un. Ìdá mẹ́ta lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni lójú, ṣùgbọ́n owó ọjọ́ ìkẹyìn kò lo oṣù kan lọ́wọ́ alájọ. Tí ẹ bá ṣírò owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, ó tó ìlọ́po méjì iye yẹn. Kí ló dé tí ènìyàn fi ń sanwó kó tó lè tọ́jú owó ara rẹ̀? Ẹ má fi obìnrin náà ṣẹ̀sín. Ẹ bi í, yóò sọ fún yín nípa àna tó ń yá owó, nípa ọkọ tó ń wo àpò, nípa báńkì tí kò ráyè gba 500. Ohun tí obìnrin náà ń rà ni ìdènà. Bí ẹ bá lè kọ èyí sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò rẹ̀, ẹ ti ní iṣẹ́ àṣekágbá tó dára. Ẹ̀yin náà á sì mọ ìdí tó fi yẹ kí a sá fún ẹni tó bá ní òun yóò san ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún fún yín lóṣù, bí ètò èrú MMM ṣe ṣe ní Nàìjíríà kó tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn lójú ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. Owó tí wọ́n ń san fún ẹni àná, owó ẹni òní ni.

Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ rán yín kí ẹ tó gba ìwé ẹ̀rí. Ẹ mú òrí, tí ìyá àgbà ń fi pa ọmọ lára. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Burkina ní kí wọ́n dẹ́kun kíkó èso rẹ̀ jáde láìtíì sọ ọ́ di òrí, kí àwọn ilé iṣẹ́ inú ilé lè rí i lò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Nàìjíríà náà ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ẹ tẹ̀lé ẹrù kan láti ọ̀dọ̀ obìnrin tó ṣa á lábẹ́ igi, dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á lábúlé, dé ilé iṣẹ́, dé ẹnubodè, dé èbúté, dé ilé ìpara ní Yúróòpù. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye tí wọ́n rà á, iye tí wọ́n tà á, owó tí wọ́n fi ṣe é, àti ẹni tó yá wọn lówó. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò ohun tí òfin yẹn ṣe sí owó ọwọ́ obìnrin àkọ́kọ́: ṣé ó pọ̀ sí i ni, àbí ó dín kù? Bí ẹ bá rí ìdáhùn, ẹ kọ ọ́ ní Faransé fún olùkọ́ yín, ní Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́. Ẹ wá padà lọ sọ ọ́ fún obìnrin náà ní èdè tó gbọ́, kó lè mọ iye tó yẹ kó dúró lé nígbà tí oníbàárà rẹ̀ bá tún dé.